From Hell (2001): àwọn obìnrin Whitechapel ńkọ́?

Òǹwòran Mushin:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo tún From Hell wò lálẹ́ àná, fíìmù ọdún 2001 tí àwọn ìbejì Hughes, Albert àti Allen, darí. Johnny Depp ló ṣe Ìnsípẹ́kítọ̀ Abberline, Heather Graham ṣe Mary Kelly, Robbie Coltrane ṣe Sájẹ́ǹtì Godley, Ian Holm sì ṣe Dókítà William Gull. Ẹni tí kò bá tíì wò ó kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ná, torí màá tú àṣírí ìparí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn tó wà nídìí fíìmù náà: lọ́dún 1888, ní Whitechapel, lápá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan ń fi ọ̀bẹ pa àwọn obìnrin tálákà. Ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà pé márùn-ún ni ọwọ́ kan náà pa. Wọ́n pa Mary Ann Nichols ní 31 Oṣù Kẹjọ, wọ́n pa Annie Chapman ní 8 Oṣù Kẹsàn-án. Elizabeth Stride àti Catherine Eddowes kú lóru ọjọ́ kan náà, 30 Oṣù Kẹsàn-án, kò tó wákàtí kan síra wọn. Mary Jane Kelly ló kẹ́yìn, ní 9 Oṣù Kọkànlá. Títí dòní, ọwọ́ kò tẹ apànìyàn náà. Orúkọ tí ayé fi ń pè é, Jack the Ripper, inú lẹ́tà kan tó dé ilé iṣẹ́ ìròyìn lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló ti jáde, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì sọ nígbà tó yá pé akọ̀ròyìn ló kọ ọ́.

Fíìmù yìí ní tòun, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní Gull ni, oníṣègùn Ọbabìnrin Victoria. Ó ní ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin, Albert Victor, gbé ọmọbìnrin tálákà kan níyàwó ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n bímọ, àwọn obìnrin Whitechapel sì mọ̀ sí i. Ni wọ́n bá rán Gull pé kó lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àwọn Freemason, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kan, sì ń ṣíji bò ó.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tó gbé kalẹ̀ ń dùn mí. Bí ẹni pé ikú obìnrin tálákà kò lè tó nǹkan àfi tó bá kan ààfin ọba. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ àṣírí ọlọ́lá kí ikú wọn tó ní ìdí. Bẹ́ẹ̀, ohun tó gbé Mary Ann Nichols síta lóru ọjọ́ tó kú ni pé kò ní pẹ́nì mẹ́rin tí yóò fi san owó ibùsùn. Pẹ́nì mẹ́rin péré! Ní ilé tí wọ́n ti ń háyà ibùsùn, wọ́n ní kó jáde, ó ní òun á wá owó náà dé. Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí wọ́n fi bá òkú rẹ̀ ní Buck's Row.

Kí lẹ rí sí i?

Ayàwòrán Bódìjà:

Ọ̀gá Òǹwòran, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó ṣe fíìmù náà pẹ̀lú.

Ìlú Prague ni wọ́n ti yà á. Wọ́n kọ́ òpópónà Whitechapel sílẹ̀ lódindi, Martin Childs ló ṣètò rẹ̀, Peter Deming ló wà nídìí kámẹ́rà. Èmi tí mo ń fi iná àti kámẹ́rà jẹun, mo máa ń dá fíìmù náà dúró kí n lè wo bí wọ́n ṣe tan iná sí ibì kan. Àtùpà gáàsì kì í mọ́lẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ òpó rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn inú fíìmù náà ṣú dùdù, kì í ṣe òkùnkùn aláwọ̀ búlúù tí àwa ń ṣe nínú fíìmù wa níbí tí gbogbo nǹkan ṣì ń hàn.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí àwọn olùdarí yìí jẹ́. Ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n. Fíìmù tó kọ́kọ́ gbé wọn jáde ní 1993 dá lórí àwọn ọ̀dọ́ Watts, ní Los Angeles, àdúgbò tí ìjọba ti patì, tí ìbọn ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kọ́ ló máa fojú tín-ín-rín tálákà. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi wo Whitechapel: àwọn jàǹdùkú tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ọlọ́pàá tí kò kà wọ́n sí, àwọn ọlọ́lá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kọjá láàárín wọn. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin ẹ máa sọ̀rọ̀ iná àti kámẹ́rà lọ. Ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ ló wà nídìí ọ̀ràn yìí, fíìmù náà kò sì purọ́.

Ta ni yóò pa èèyàn, tí yóò tún gé ilé ọmọ rẹ̀ lọ? Wọ́n gé ti Annie Chapman, wọ́n gé ti Eddowes, wọ́n tún yọ kíndìnrín Eddowes kan. Nílùú wa níbí, tí wọ́n bá bá òkú tí wọ́n ti gé nǹkan lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni. Àwọn olówó ètùtù ni. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ẹ tún gbọ́ o: lóru tí Eddowes kú, wọ́n bá ọ̀rọ̀ kan lára ògiri ní Goulston Street, pẹ̀lú ègé aṣọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Charles Warren, fúnra rẹ̀ débẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Warren yìí, Freemason ni. Kí ló ń bò?

Olùkọ́ Ìtàn, Abẹ́òkúta:

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbéèrè gidi lo béèrè, màá sì gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn, àwọn Júù ló ń nàka sí. Whitechapel ìgbà yẹn kún fún àwọn Júù tálákà tó sá kúrò ní ìjọba Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé Júù ló ń ṣe é. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án kan náà ni ọlọ́pàá mú John Pizer, Júù tó ń ṣiṣẹ́ bàtà, nítorí àhesọ. Ó fi ẹ̀rí ibi tó wà hàn, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Sunday ni ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn, ọjọ́ ọjà ni ládùúgbò náà, ilẹ̀ kò sì ní pẹ́ mọ́ tí èrò yóò fi kún òpópónà. Ohun tí Warren ń bẹ̀rù ni pé àwọn èèyàn yóò rí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí lu àwọn Júù. Ohun tó kọ sí ìjọba láti ṣàlàyé ara rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọlọ́pàá City, àwọn tó ń ṣọ́ àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù tí kò sí lábẹ́ Warren, fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ná, Warren kọ̀. Èèyàn lè ní kò yẹ kó kọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù mú ẹ̀rù rògbòdìyàn tó wà nílẹ̀ lóòótọ́ kúrò, ó fi àṣírí Freemason rọ́pò rẹ̀. Ìyà àwọn Júù Whitechapel ló sọnù sáàárín.

Ní ti Gull: ọdún 1816 ni wọ́n bí i. Ẹni ọdún 71 ni nígbà tí ìpànìyàn náà ń ṣẹlẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti kọlù ú lọ́dún 1887. Ní Oṣù Kìíní 1890 ló kú. Dókítà tó lórúkọ ni, òun ló fún àìsàn àwọn tí kì í jẹun mọ́ títí wọ́n á fi rù, anorexia nervosa, ní orúkọ tí wọ́n ń pè é dòní. Kò sí ọlọ́pàá kan ní 1888 tó fura sí i. Àwọn ọdún 1970 ni ìtàn ààfin yìí jáde. Ọkùnrin kan tó ní ọmọ Walter Sickert ayàwòrán lòun ló sọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn ní 1973, ìwé kan sọ ọ́ di òkìkí ní 1976, nígbà tó di 1978 ọkùnrin náà sọ fún ìwé ìròyìn pé irọ́ lòun pa nípa Ripper. Annie Crook tí fíìmù ní ọmọ ọba fẹ́ gbé ayé lóòótọ́, ó bí Alice ní 1885. Kò sí ìwé kankan tó so ó mọ́ ọmọ ọba.

Ní ti gígé ẹ̀yà ara: èrò rẹ kò jìnnà sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Wynne Baxter, adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú Annie Chapman, sọ ní gbangba pé ará Amẹ́ríkà kan ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó fẹ́ ra ilé ọmọ, ó sì fẹ́ san pọ́n-ùn 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Baxter ní bóyá apànìyàn gbọ́ nípa ọjà yẹn. Àwọn oníṣègùn ta kò ó kíákíá, àbá náà sì kú. Nítorí náà kì í ṣe àwa nìkan ni ọkàn wa máa ń lọ síbẹ̀.

Ọlọ́pàá Fẹ̀yìntì:

Ẹ kú àríyànjiyàn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí Abberline, torí ohun tí fíìmù ṣe fún ọkùnrin yẹn kò dára.

Nínú fíìmù, ó ń fa opium, oògùn olóró kan, ó ń mutí líle, ó ń rí ìran, ìran ló sì ń fọ̀nà hàn án. Níkẹyìn opium yẹn náà ló pa á. Abberline gidi kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni ọdún 45 ni lọ́dún 1888. Ó ti lo nǹkan bí ọdún 14 ní ẹ̀ka ọlọ́pàá Whitechapel kó tó lọ sí Scotland Yard, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí tí wọ́n fi dá a padà síbẹ̀ ni pé ó mọ àdúgbò náà, ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní 1892, ó sì kú nílé ara rẹ̀ ní Bournemouth ní 1929, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọlọ́pàá kì í fi ìran mú ọ̀daràn. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn. Títí di oṣù Kẹwàá 1888, wọ́n ti bá èèyàn tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀, wọ́n ti wádìí nǹkan bí 300, wọ́n sì ti mú 80 sí àtìmọ́lé.

Kí ló dé tí wọn ò fi rí i? Ẹ wo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Kò sí ìtẹ̀ka: ọdún 1901 ni Scotland Yard dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ, wọn ò tilẹ̀ lè fi yé ara wọn bóyá ti èèyàn ni tàbí ti màlúù, àdúgbò náà sì kún fún àwọn apẹran. Kò jọ pé apànìyàn náà bá ẹni tó pa tan, tàbí pé ó bá a jà, tàbí pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó sún mọ́ òkú la kọ́kọ́ ń wò. Tí apànìyàn bá jẹ́ àjèjì pátápátá, o ti pàdánù ọ̀nà tó dára jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, agbo ọlọ́pàá méjì ló wà níbẹ̀. Mitre Square tí wọ́n ti pa Eddowes wà lábẹ́ ọlọ́pàá City, àwọn yòókù wà lábẹ́ Metropolitan, ọ̀gá kálukú sì lọ́tọ̀.

Ikú Eddowes yẹn ló máa ń wọ̀ mí lára jù. Ní alẹ́ 29 Oṣù Kẹsàn-án, ọlọ́pàá bá a níbi tó ti mutí yó, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ Bishopsgate kí ọtí lè dá lójú rẹ̀. Nǹkan bí aago kan òru, wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Ọlọ́pàá Edward Watkins gba Mitre Square kọjá ní aago kan ààbọ̀, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó tún yí débẹ̀ ní nǹkan bí 1:45, òkú rẹ̀ ló bá. Mo ti tú irú ọlọ́mùtí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí láàárín òru. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Ẹni tó tú u sílẹ̀ lóru yẹn, ohun tí òfin ní kó ṣe ló ṣe.

Nọ́ọ̀sì Stepney:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń bọ̀ báyìí, mo sì ń kà yín nínú bọ́ọ̀sì.

Àdúgbò yẹn ni mò ń gbé. Buck's Row ti di Durward Street, ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Whitechapel gan-an ni. Berner Street tí wọ́n ti pa Stride ti di Henriques Street. Dorset Street tí Mary Kelly gbé kò sí mọ́ rárá. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń kó àwọn àlejò gba ibẹ̀, afinimọ̀nà níwájú, wọ́n ń ya fọ́tò. Orúkọ Jack ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ Annie.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Annie. Ìyàwó awakọ̀ ẹṣin ni, ó ní ilé, ó ní ọmọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan kú ní 1882 ní ọmọ ọdún 12, àìsàn ọpọlọ, meningitis. Ọtí wọ ọ̀rọ̀ náà, òun àti ọkọ rẹ̀ pínyà. Ọkọ ń fi ṣílè 10 ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ náà fi kú ní 1886, owó sì dá. Dókítà tó wo òkú rẹ̀ rí i pé àìsàn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Obìnrin yẹn ń kú lọ tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, mo mọ bí èèyàn ṣe ń rìn tó bá wà nírú ipò yẹn. Ẹni tó ń rìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó jáde nílé ìbùsùn lóru torí owó.

Stride, ará Sweden ni. Ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ èdè wọn débi pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì ní ará kan nítòsí nígbà tó kú. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ ohun tí mò ń sọ. Eddowes àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé láti Kent ni, wọ́n lọ ká hop tí wọ́n fi ń pọn bíà. Owó tí wọ́n rí kò pé lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi bàtà ọkùnrin náà dógò kí wọ́n lè jẹun.

Kò sí ẹ̀rí pé àwọn márààrún mọ ara wọn. Fíìmù sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ní àṣírí kan. Mẹ́rin nínú wọn ti lé ní ogójì ọdún, ẹ wo irú àwọn obìnrin tí wọ́n fi ṣe wọ́n nínú fíìmù, ẹ wo irun Heather Graham. Hallie Rubenhold kọ ìwé nípa wọn ní 2019, ó ní kò sí ẹ̀rí tó dájú pé mẹ́ta nínú wọn tilẹ̀ ń ṣe aṣẹ́wó.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ìparí. Mary Kelly, ẹni tó kéré jù tó sì rẹwà jù, sá lọ sí Ireland, ó ń gbé létí òkun pẹ̀lú ọmọ Annie Crook. Ada ni Gull pa dípò rẹ̀ nínú yàrá yẹn, àjèjì tí Liz Stride mú wá sílé, tí kò gbọ́ èdè. Fíìmù kò dúró sọkún fún Ada. Obìnrin tí kò lẹ́nìkan ni wọ́n fi ra ayọ̀ ìparí wa.

Ayàwòrán Bódìjà:

Nọ́ọ̀sì, ti Ada yẹn lágbára. Mi ò ní èsì sí i ju pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìparí náà díẹ̀. Abberline mọ̀ pé Mary wà láàyè. Kò lọ bá a, torí pé tó bá lọ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ yóò tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yàn láti wà láìsí i títí ó fi kú. Nínú fíìmù tí gbogbo ọkùnrin ti ń lo obìnrin, ọkùnrin kan nìyí tó fi obìnrin sílẹ̀ kó lè gbé ayé rẹ̀. Ìyẹn ṣì ń mú mi lọ́kàn.

Ìwé ìtàn aláwòrán tí Alan Moore kọ, tí Eddie Campbell yàwòrán rẹ̀, ni wọ́n gbé fíìmù náà kà. Abberline inú ìwé yẹn jẹ́ ọlọ́pàá tó ti dàgbà, tó sanra, tí kò rí ìran kankan. Òǹkọ̀wé sì kó àlàyé gígùn sẹ́yìn ìwé, orí dé orí, níbi tó ti sọ ohun tó bá nínú àkọsílẹ̀ àti ohun tó hun fúnra rẹ̀. Fíìmù wákàtí méjì kò lè kó àlàyé sẹ́yìn. Ta ni yóò sì sanwó sórí fíìmù apànìyàn tí wọn ò ní sọ apànìyàn?

Òǹwòran Mushin:

Ẹ dákun, wọ́n ti sanwó sórí rẹ̀. Bong Joon-ho ṣe Memories of Murder ní Kòríà Gúúsù ní 2003, lórí àwọn obìnrin tí wọ́n pa ní Hwaseong láàárín 1986 sí 1991. Wọn ò tíì rí apànìyàn náà nígbà tó ṣe fíìmù yẹn, fíìmù náà sì parí láìrí i. Àwọn èèyàn tú jáde lọ wò ó. Ọdún 2019 ni DNA tó fi ẹni náà hàn. Ká ní ó ti ka orúkọ ẹlòmíì sórí ìbòjú ní 2003, kí ni ì bá sọ fún ìdílé onítọ̀hún?

Ohun tí mo ní lọ́kàn nípa Gull nìyẹn. Èèyàn ni, ó gbé ayé, ó ní orúkọ. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó wo fíìmù yìí, òun ni Jack the Ripper títí láé. Òkú kò lè fèsì.

Bàbá Ọlọ́pàá, láti ìgbà tí mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa Bishopsgate, èrò kan kò kúrò lọ́kàn mi. Fíìmù tó yẹ kí wọ́n ṣe wà nínú nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn àgọ́ fún un títí Watkins fi padà yí ká. Obìnrin kan tí ọtí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú rẹ̀, tí kò ní owó ibùsùn, tó ń wá ibi tí yóò lọ. Kámẹ́rà kò ní kúrò lára rẹ̀. A ò ní rí ojú apànìyàn rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo dúpẹ́. Mo gbà pé Gull ti rẹ̀ jù fún irú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì kúrò lórí pé àwọn ńláńlá lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. A rí i níbí. Ẹni tó lówó pa èèyàn, ọ̀rọ̀ náà á kú sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí irú fíìmù báyìí fi ń wọ̀ wá lára.

Olùkọ́ Ìtàn, Abẹ́òkúta:

Ìyẹn kò burú, ìrírí ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ wo ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn nípa Ọbabìnrin tí fíìmù sọ di ẹni tó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Mary Kelly, ó ránṣẹ́ sí Olórí Ìjọba, Lord Salisbury, pé kí wọ́n tan iná sí gbogbo àgbàlá tóóró wọ̀nyẹn, kí wọ́n sì tún iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe.

Àgbàlá tóóró wọ̀nyẹn ti ṣókùnkùn tipẹ́ kí apànìyàn tó dé. Èèyàn ń sùn bíi mẹ́jọ nínú yàrá kan, onílé ń gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kelly jẹ onílé rẹ̀ ní owó ilé ṣílè 29, ẹni tí onílé rán wá gba owó náà ló yọjú lójú fèrèsé láàárọ̀ 9 Oṣù Kọkànlá tó sì rí òkú rẹ̀. Ohun tí àwọn ńláńlá ṣe níbẹ̀ hàn sí gbogbo ayé, wọn ò bò ó. Àwọn ló ni ilé, àwọn ló ń gbowó.

Nọ́ọ̀sì, nípa ìwé 2019 yẹn, àwọn olùwádìí kan ta kò ó gidigidi lórí ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó náà. Èmi ò rò pé ó yí ohunkóhun padà. Bóyá wọ́n ṣe é, bóyá wọn ò ṣe é, ibùsùn ni wọ́n ń wá.

Àlejò Tuntun:

Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò tíì wo fíìmù yìí, mo ti wá ka gbogbo àṣírí rẹ̀ tán, kò sì dùn mí. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé mo lè wò ó pẹ̀lú ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 12? Èkejì: mo rí i lórí Facebook pé wọ́n ti mọ apànìyàn náà, pé DNA tó wà lára ìborùn Eddowes ló fi í hàn. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Stepney:

Má fi han ọmọ ọdún 12 o. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ìwà ìkà sí obìnrin sì pọ̀. Ibi kan tún wà tí wọ́n ti fi abẹ ba ọpọlọ èèyàn jẹ́ kó má lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ṣe é fún Annie Crook, wọ́n sì tún ṣe é fún Gull níparí. Iṣẹ́ abẹ yẹn kò tilẹ̀ wọ ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ títí di àwọn ọdún 1930. Èmi fúnra mi kò lè wo ibẹ̀ dáadáa.

Ọlọ́pàá Fẹ̀yìntì:

Ọmọ mi, ní ti ìborùn yẹn: oníṣòwò kan ló rà á níbi gbàǹjo ní 2007. Ní 2014 wọ́n kéde pé DNA ara rẹ̀ tọ́ka sí Aaron Kosminski, Júù ará Poland tó ń gẹ irun, tó wà lára àwọn tí ọlọ́pàá ìgbà yẹn fura sí, tí wọ́n sì gbé lọ sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní 1891. Ní 2019 wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ohun tí ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé báwo ni ìborùn náà ṣe dé ọwọ́ wa. Nígbà tí wọ́n gbé òkú Eddowes dé, wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, aṣọ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀, ọṣẹ, tíì àti ṣúgà tó dì pamọ́. Kò sí irú ìborùn olówó ńlá bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn pé sájẹ́ǹtì kan gbé e lọ sílé fún ìyàwó rẹ̀, ẹnu ìdílé nìkan la ti gbọ́ ọ. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kàn án, títí kan ọwọ́ àwọn ìdílé tí wọ́n wá fi DNA wọn wé e. Irú DNA tí wọ́n sì lò, èyí tí ìyá ń fún ọmọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè jọ ní in. Ó lè yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn afurasí. Kò lè dá ọwọ́ lé ẹnì kan ṣoṣo.

Tí wọ́n bá gbé e wá síwájú mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní gbé e lọ kóòtù.